Kí Ló Ti Òkè Náà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí irun orí mi kò sì tíì funfun tó báyìí, bọ́ọ̀sì méjì tí ó kó èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dúró ní ẹsẹ̀ òkè kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kọjá ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tí ń ròyìn rẹ̀ dé, a sì bá okùn kan tí wọ́n ta láti ara òpó kan dé ara òpó kejì ní ẹnu àtẹ̀gùn, wọ́n so pátákó kan mọ́ ọn láàárín, ẹnì kan sì ti fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí ara pátákó náà: A TI ÒKÈ. Mo ti gbọ́ pé a ń ti ilé, mo ti gbọ́ pé a ń ti ìsọ̀, mo tilẹ̀ ti gbọ́ pé àwọn ará ayé àtijọ́ a máa ti ẹnu odi ìlú nígbà ogun, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó fi okùn ẹran ti ohun tí ó ga ju ogún ọ̀pẹ tí a tò léra lọ. Ọkùnrin tí ń ṣọ́ ibẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ gbígbóná. Kò dìde, kò sì bínú. Ó kàn fi ọwọ́ tí ó mú àkàrà nawọ́ sí pátákó, bí ẹni pé pátákó náà ni ọ̀gá, tí òun sì jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀. Orúkọ òkè náà kò ní ti ẹnu mi jáde, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn tí ń bójú tó o ṣẹ̀ mí kò ju pé wọn kò fèsì ìwé tí mo kọ ránṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti àná.

Àwọn ọmọ náà ń wò mí. Ẹni tí ó bá ti kó ọmọ ènìyàn jáde kúrò nílé rí, tí ó ti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn, tí ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ròyìn adùn ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn, yóò mọ irú ojú tí mo ń wí. Awakọ̀ wa ni ó gbà mí sílẹ̀, tàbí kí n sọ pé òun ni ó tì mí sínú kòtò, ó ní, “Tíṣà, ṣebí bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ? Òkè mìíràn wà níwájú níbẹ̀ yẹn, kò ní géètì, kò ní olùṣọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.” Òwe náà dùn mọ́ mi létí. N kò bi í ní ìdí tí òkè náà kò fi ní géètì. A kọrí síbẹ̀.

Àpáta kan ni, ó pá bí orí àgbàlagbà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sáàárín oko kókò, omi òjò tí ó ti ń rọ̀ láti òru sì ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára rẹ̀ ní ìlà dúdúdúdú. A kò tíì gòkè dé ìdajì tí ọmọkùnrin kan, tí kì í ṣe aláìgbọràn rárá, fi ẹsẹ̀ kan lé orí ọ̀kan nínú àwọn ìlà wọ̀nyí, ó sì yọ̀ ṣùrùrù bí ẹni tí ó jókòó sórí ọṣẹ dúdú, ó ń lọ sísàlẹ̀ láìdúró, láìpariwo, ẹnu yíyà ni tirẹ̀, títí igi kékeré kan tí ó hù láti inú sísán àpáta fi gbá a mú ní abíyá. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó. Igi náà kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ, bí kì í bá sì í ṣe tirẹ̀, ilẹ̀ tí ó kù kí ọmọ náà bá já kò dára fún mi láti máa ròyìn títí di òní.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ti dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀ tí mo sì ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, oorun kò kùn mí, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí n rí láàárọ̀ ni mo ń rí lórí ibùsùn. Òjò òru ni ó ti òkè ńlá náà. Òkè tí ó ní àtẹ̀gùn, tí ó ní irin tí a lè dì mú, tí ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n mọ gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀, ni àwọn onílé wò tí wọ́n ní ó ti léwu jù ní ọjọ́ náà. Èmi sì kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbẹ̀ lọ sí èyí tí kò ní ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, lábẹ́ òjò kan náà. Mo ti bèèrè ibi tí mo tún lè gbà. N kò bèèrè ohun tí ó dí ibi tí mo fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyẹn yóò sì ti tó ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé wọ́n ti òkè kan, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé kí ló tì í.

Bí òjò bá ni, mo máa ń yí ojú kúrò ní gbogbo àdúgbò náà pátápátá, nítorí òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ẹni tí òjò bá lé kúrò ní Ìdànrè, ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀-Òkè, níbi tí àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ti ń gbéni lọ sí ààfin Ọwá àtijọ́, kò gbọdọ̀ rò pé òun yóò bọ́ lọ́wọ́ òjò náà ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè tàbí ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé ilẹ̀ ẹgàn kan náà ni gbogbo wọn, ìkùukùu kan náà ni ó sì ń bo orí wọn láti oṣù kẹfà wọ oṣù keje, tí yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, kí ó tó tún padà dé pẹ̀lú ìbínú ní oṣù kẹsàn-án. Kí olúwarẹ̀ kọjú sí apá àríwá, sí ilẹ̀ ọ̀dàn, sí apá Ìṣẹ́yìn àti Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, níbi tí igi ti fọ́nká, tí afẹ́fẹ́ ti ń ráyè fẹ́, tí òjò kì í sì í pọ̀ tó ti inú ẹgàn. Àpáta ibẹ̀, bí òjò tilẹ̀ nà án lóru, oòrùn àárọ̀ yóò ti fi ahọ́n lá a gbẹ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìrìn náà jìn, owó epo ọkọ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n ó sàn kí a lo ọ̀sán kan nínú ọkọ̀ ju kí a lo oṣù kan nílé ìwòsàn lọ.

Bí orò àti ọdún ìbílẹ̀ bá ni ó ti òkè, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Òkè ni ó gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa là. Nínú ihò abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá ti rí ibi ìsádi nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, ní ọdún 1830, lórí òkè ni Lágelú tí ó tẹ Ìbàdàn dó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jẹ ìgbín àti èso òro nígbà tí Ìbàdàn kò tíì ju ìlú tí ogun fọ́ lọ, ìdí nìyí tí ìlú ńlá bí Ìbàdàn fi ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún, tí ọjà fi ń dákẹ́, tí àwọn àgbà tí wọ́n mọ àṣà kò sì ní dáná sínú ilé. Ẹni tí ó bá bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé, kí ó má ṣe máa yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn òkè. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà èwe mi, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ìyá àgbà kan tí ó ń yọ gbẹ̀gìrì sínú àwo sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o máa ń wọ ilé onílé nígbà tí ó bá ń wẹ̀?” Mo ní, “Rárá o, Màmá.” Ó ní, “Jókòó kí o jẹun.” Bí mo ṣe di àlejò ọdún náà nìyẹn, ohun tí mo sì rí ní ẹsẹ̀ òkè ní ọjọ́ náà, ìlù, ẹ̀yẹ, àti àwọn arúgbó tí ń fi ẹ̀ka èdè tí n kò gbọ́ tán ki òkè bí ẹni ki ọba, n kò rí irú rẹ̀ lórí òkè kankan rí.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àtúnṣe àtẹ̀gùn ni wọ́n ń ṣe, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀: òkè tí ó bá sún mọ́ni jù ni kí a lọ, kí a sì gbàdúrà pé kí àwọn bíríkìlà tètè parí iṣẹ́.

Jẹ́ kí n wá ròyìn ìrìn kan tí ó bọ́ sí i fún mi. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí àwọn náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ, ni wọ́n ní kí n mú àwọn gun òkè. Ibi tí a fẹ́ lọ, òjò tì í. Mo sì ní kí a yí orí ọkọ̀ sí Àdó-Àwáyè, ní ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹ́yìn. Àwọn kan fajú ro. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí, wọ́n ní ṣé kì í ṣe òòbẹ̀ ni mo fẹ́ fi rọ́pò àdán fún àwọn, nítorí ìtàn àṣìṣe mi ìjọ́sí ti di àwàdà láàárín wa. Mo dákẹ́. Ẹni tí yóò bá gun òkè, kí ó máa fi èémí rẹ̀ pamọ́.

Bàbá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ó wọ dàńṣíkí tí ó ti ṣí, tí ó sì fi aṣọ ìnura kékeré kọ́ ọrùn, ni ó ṣe afọ̀nàhàn wa. Ó wo ẹsẹ̀ wa kí ó tó wo ojú wa. Ó ní kí ìyàwó ilé kan tí ó wọ sílípáàsì padà lọ wá bàtà tí ó ní okùn. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi.

“Tíṣà, ẹ ti jẹun?”

“A ti jẹun, Bàbá.”

“Omi ńkọ́?”

“Ó wà lọ́wọ́ wa, Bàbá.”

“Ó dára. Ibi tí ó bá funfun ni kí ẹ máa tẹ̀. Ibi tí ó dúdú, omi ló ni ín.”

Mo dúró sójú kan. Ohun tí ó ná mi ní orúnkún méjì ọmọ ọlọ́mọ kí n tó mọ̀ ọ́n ni bàbá yìí sọ tán láìtíì gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí a gòkè díẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlà dúdú náà, mo sì pe àwọn ènìyàn mi kí wọ́n wá wò ó. Ọjọ́ náà gbẹ. Mo fi àtàǹpàkò ra á, ó le, ó sì ń họ ara bí ahọ́n ológbò. Mo já ẹnu omi inú ọ̀rá, mo ta díẹ̀ sí i lára, mo ní kí wọ́n máa kà. Wọn kò tíì kà dé ogún tí ojú ibẹ̀ fi ń dán, nígbà tí mo sì tún fi àtàǹpàkò kàn án, ó ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ohun ẹlẹ́mìí ni àwọ̀ dúdú náà, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, ibi tí omi òjò bá máa ń gbà ni ó máa ń tẹ̀dó sí, bí oòrùn bá ràn, a sùn, bí omi bá kàn án, a jí. Ibi tí àpáta bá funfun, omi kì í gbà á, ẹsẹ̀ sì máa ń dúró níbẹ̀. Bákan náà ni mo sì fi àwọn koríko tí ń hù ní ìdì ìdì lórí àpáta hàn wọ́n, tí ó máa ń wu ènìyàn láti dì mú. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, bí a bá sì fi ara tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ òjò, gbogbo rẹ̀ a ṣí kúrò bí ẹní.

Wọ́n ní àtẹ̀gùn Àdó jẹ́ 369. Èmi alára kà á ní 371 ní ọjọ́ kan, mo sì kà á ní 366 ní ọjọ́ mìíràn, mo gbà pé ti àwọn onílùú ni ó tọ́, nítorí èémí tí ó ń já a máa gbé nọ́ńbà mì. Nígbà tí a dé òkè téńté, tí òógùn ti rin aṣọ mọ́ wa lára, a bá adágún Ìyakẹ́, omi tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ọwọ́ àpáta bí omi inú awo ìkòkò, tí koríko tútù yí i ká. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní àwọn àgbà kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í sì í gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí bí omi ṣe ń dúró lórí òkúta, ọgbọ́n tíṣà sì gbé mi. Mo sọ̀rọ̀ gíránáìtì tí iná inú ilẹ̀ yọ́ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, tí ó tutù sínú ilẹ̀, tí òjò sì fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọrí, mo sọ bí ihò ṣe máa ń ti ara omi àti ooru kọ́ ara rẹ̀ sí ojú àpáta tí òjò yóò sì máa kún un. Bàbá fi sùúrù gbọ́ mi tán. Ó fi aṣọ ìnura nu ọrùn. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Ta wá ni ó rán omi níṣẹ́ pé kó gbẹ́ ihò náà?”

A jókòó síbẹ̀ pẹ́. Páànù ìlú tí ó ti dípẹtà wà lábẹ́ wa ní pupa rúsúrúsú, oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo tẹ́ lọ bí ẹní ìyàwó, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọwọ́ gúúsù àti ìlà-oòrùn, lápá ibi tí òkè tí a tì náà wà, sánmọ̀ dúdú kan ló sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ òòbẹ̀ fún mi.

Nǹkan kejì tí mo máa ń bèèrè, lẹ́yìn ohun tí ó ti òkè, ni ohun tí ẹni tí ń lọ ń wá lọ. Ẹni tí ó ní òun fẹ́ Ìdànrè, bí ẹ bá tú inú rẹ̀ wò, ó lè jẹ́ ìtàn ni ó ń wá: ààfin, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn lára òkúta. Irú wọn ni mo máa ń mú lọ sí àwọn òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ, níbi tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti kojú ara wọn nínú ogun Kírìjì láti 1877, tí wọn kò sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí di 1886. Ẹ dúró sí orí òkè kan níbẹ̀, kí ẹ wo èkejì, kí ẹ sì fojú inú gbọ́ bí ìró ìbọn ńlá ṣe ń lu àfonífojì tí ó fi di orúkọ ogun. Òkè náà kò ga, ṣùgbọ́n n kò tíì mú ẹnikẹ́ni débẹ̀ tí ó sọ̀rọ̀ sókè. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí ó sì fẹ́ rí ayé láti òkè, kí ó lọ sí Olúmọ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gíga rẹ̀ láti ojú òkun kò ju mítà 137 lọ, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì wà pẹ̀lú irin, síbẹ̀ ènìyàn tí ó bá dúró lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí odò Ògùn tí ń yí kọ́ọ́kọ̀ọ́, yóò sì mọ ohun tí àwọn Ẹ̀gbá sá wá wò.

Ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ fi ẹnu bà ṣinṣin, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ ní kété tí wọ́n bá ti òkè mìíràn. Olúmirìn, ọ̀sọ̀rọ̀ omi tí ó ní ìpele méje, arẹwà ni. Ìpele kìíní rẹ̀, ọmọdé lè dé ibẹ̀ kí ó sì fọ ojú. Ṣùgbọ́n láti ìpele kejì lọ, ọ̀rọ̀ di ti gbòǹgbò igi àti ọwọ́ méjèèjì, òkúta ibẹ̀ kì í sì í ṣe gíránáìtì tí ó rí roboto bí ti Ìdànrè. Òkúta funfun líle kan ni, ìran iyanrìn àtijọ́ tí ilẹ̀ tẹ̀ títí ó fi le, tí ń fọ́ ní pẹlẹbẹ, tí etí rẹ̀ sì mú. Ó dára fún ẹsẹ̀ bí ó bá gbẹ, nítorí ó ní ibi gígún tí a lè tẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kò rí i, omi a pupa, ìró rẹ̀ a yí padà, a máa kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ìró yìí ni mo máa ń kọ́ àwọn ènìyàn mi láti máa tẹ́tí sí. Bí ó bá ti yí padà, a kì í dúró ya fọ́tò.

Kí n tó gbàgbé: àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún mi pé okùn lásán kọ́ ni yóò dí àwọn lọ́wọ́, àwọn mọ ibi tí ọgbà ti lu. Mo ti bá wọn jiyàn rí, n kò tún jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé, bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lórí òkè tí a mọ̀ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, ta ni yóò gbọ́ igbe? Ní ti àwọn òkè tí kò lókìkí, ẹ má ṣe rò pé wọn kò ní olúwa nítorí pé wọn kò ní géètì. Wọ́n ní baálẹ̀, wọ́n ní ọdẹ, wọ́n ní oyin nínú ihò wọn, oyin sì burú ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Mo máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, mo máa ń fi orúkọ wa sílẹ̀ àti wákàtí tí a óò sọ̀ kalẹ̀, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yan ọmọ ìlú kan fún wa. Owó tí mo bá fún ọmọ náà kò ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì mọ ibi tí ó dúdú.

Ní ọdún tó kọjá, tẹlifóònù mi dún ní kùtùkùtù. Ọmọkùnrin tí ó yọ̀ lára àpáta nígbà náà ni, òun náà ti di olùkọ́ báyìí, ó sì ti ju ọmọ ogójì ọdún lọ dáadáa. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. A ti dé ẹsẹ̀ òkè o, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í. Mo kó ọmọ méjìlélógójì lọ́wọ́. Òkè wo ni ẹ rò pé kí n mú wọn lọ?” Mo la ẹnu láti bèèrè, ṣùgbọ́n n kò bèèrè mọ́, nítorí pé lẹ́yìn ohùn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ òjò tí ń lu orí bọ́ọ̀sì, gbàmùgbàmù, òun náà sì ti dákẹ́, ó ń gbọ́ ọ.